Bárékè tàbí láàbù aládàáni? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ òṣùwọ̀n ológun láì kàwé rẹ̀

Ní ọjà Ìpàta, ẹni tó bá mọ ọjà kì í wo ìrẹsì kó tó wo kóńgò. Á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti fi òkúta lù ú wọnú. Kóńgò méjì lè jọra lójú bí ìbejì, kí ọ̀kan sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan dín sí èkejì. Ìyá mi ní kóńgò kan nílé tí a kì í fi ṣe nǹkan mìíràn. Tó bá ra ẹ̀wà dé, kóńgò yẹn ló máa fi tún un wọ̀n. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kalibréṣọ̀n kò jìnnà sí èyí: ẹ fi òṣùwọ̀n tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yẹ òṣùwọ̀n mìíràn wò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ sì fọwọ́ sí i.

Lọ́dọ̀ ológun, ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà bàálù, afẹ́fẹ́ tí awakọ̀ òfurufú ń mí lókè, rédíò tí àwọn sọ́jà fi ń pe ara wọn, bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara bàálù, gbogbo wọn ló ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Irinṣẹ́ kan ló ń sọ iye náà, irinṣẹ́ ọ̀hún a sì máa ṣì. Ó ń gbó, ó ń já bọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ooru ń ṣe é. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á wálé lásìkò, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó lẹ sítíkà tó ní déètì mọ́ ọn. Ẹni yẹn ni mò ń sọ.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ń bi mí jù ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò ka mẹtírọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa òṣùwọ̀n, níbì kankan, ṣé wọ́n lè gbà mí?" Wọ́n lè gbà yín. Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni èmi fúnra mi kọ́ ní Taiwo, Ìlọrin, kí n tó dé láàbù òṣùwọ̀n lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nínú àwọn tí mo bá níbẹ̀, ẹni tó ka iná wà, ẹni tó ka físíìsì wà, welder wà pẹ̀lú. Kò sí ẹyọ kan tó ka mẹtírọ́lọ́jì. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé ló le láti yàn, nítorí pé méjì ló wà tó ṣe é tọ̀ láti Kwara, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà bárékè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Ológun máa ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ òṣùwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà. Láàbù òṣùwọ̀n wọn ni wọ́n ń pè ní PMEL, nọ́ńbà iṣẹ́ náà ni 2P0X1, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama ni wọ́n sì ń kó lọ sí Keesler ní ìpínlẹ̀ Mississippi láti kọ́ ọ. Wọn kì í bi í pé níbo lo ti ka mẹtírọ́lọ́jì. Ìdánwò ni wọ́n ń fún un, kí wọ́n mọ̀ bóyá orí rẹ̀ gba iná àti ẹ̀rọ.

Tiwa náà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ̀ka iná àti ẹ̀rọ nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NAEME, ní iléèwé ní Auchi. Ọmọ ogun òfurufú ní AFIT ní Kaduna. Ọmọ ogun ojú omi ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Sapele. Ẹni tó bá ti dé irú ibẹ̀, tó sì fi hàn pé òun fẹ́ràn irinṣẹ́ àdánwò, ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé Auchi, ẹ máa kọ́kọ́ di sọ́jà. Nínú ìkéde ìgbaniwọlé àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọdún 18 sí 22 ni ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń gbà fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, ọdún 18 sí 26 fún ẹni tó ní in. Ti òfurufú, 18 sí 22 àti 18 sí 25. Ọdún mélòó kan yẹn ló ń pín ayé ọ̀pọ̀ ọmọ níyà, nítorí ọmọ tó ti jókòó sílé de JAMB nígbà mẹ́ta ti ń sún mọ́ 22 láìmọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ra ọdún padà fún un. Tréèdì tẹ́ẹ̀sì tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe, tó ní gíréèdì 3, 2 àti 1, kò béèrè pé kí ẹ jókòó ní kíláàsì. Ọmọ iṣẹ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe lè ṣe é. Èsì WAEC tàbí NECO náà gbọ́dọ̀ wà, ìwé ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín náà sì gbọ́dọ̀ wà.

Ohun tó le jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ẹ ò ní yan ibi tí wọ́n máa fi yín sí. Ẹ lè kọ iná sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n gbé ìbọn lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n ní Maiduguri ló kàn. Mi ò ní bo èyí mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti jókòó ti ìyá kan ní Agbo-Ọba tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọṣẹ́ ológun, mo sì sọ fún un pé tí ọmọ náà ò bá lè fara mọ́ ṣíṣe sọ́jà lásán, kó má lọ nítorí láàbù. Kó lọ tó bá jẹ́ pé sọ́jà ló fẹ́ jẹ́, kí láàbù wá jẹ́ èrè orí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀fẹ́ ni ìgbaniwọlé. Ọ̀fẹ́. Bàbá kan ládùúgbò wa ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní lẹ́yìn Ganmo, ó kó owó fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ọ̀gá ńlá lókè. Títí di òní kò rí ọkùnrin náà, ilẹ̀ ti lọ, ọmọ ti kọjá ọjọ́ orí.

Ọ̀nà láàbù aládàáni

Níhìn-ín, ẹ ò ní wọ aṣọ ológun. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ní láàbù tó ń yẹ irinṣẹ́ wò fún iléeṣẹ́ epo, iléeṣẹ́ oògùn, ọgbà ọkọ̀ ojú omi àti ẹnikẹ́ni tó bá sanwó, tí irinṣẹ́ ológun sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Èkó àti Port Harcourt ni wọ́n pọ̀ sí. Ìlọrin ò ní púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà yìí fi jẹ́ ọ̀nà ìrìn àjò fún ọmọ Kwara.

Ohun tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé òfin tí àwọn láàbù yìí ń tẹ̀ lé káàkiri ayé, ISO/IEC 17025, tí wọ́n tún ṣe gbẹ̀yìn ní 2017, kò dárúkọ dìgírì kankan. Ohun tó ní kí láàbù ṣe ni kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni ẹ̀kọ́, ìmọ̀, ìrírí àti ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ ṣe rí, kó wá fi hàn pé ẹni tó fi síbẹ̀ kún ojú rẹ̀. Ẹ lè kún ojú rẹ̀ láì lọ sí yunifásítì. Ọ̀gá láàbù ló ní láti fọwọ́ sí i pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì ní fọwọ́ sí ohun tí kò rí lọ́wọ́ yín.

Bí ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ rèé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi dá ṣe ni géèjì kan tó ń ka 0 sí 100. Ẹ̀rọ tó ń fún nǹkan ní ìfúnpá wà lọ́wọ́ òsì, òṣùwọ̀n dídára wà láàárín, géèjì yẹn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo gbé e lọ sí 25, 50, 75, 100, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú mi ń wo aago, mo bá tún nọ́ńbà kan náà kọ fún àbọ̀, pé bó ṣe gòkè náà ló ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá mi wo bébà yẹn, kò pariwo. Ó ní kí n fa àga wá. Ó gbé ìfúnpá sókè dé 100, ó wá ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òṣùwọ̀n dídára sọ pé 50, abẹ́rẹ́ géèjì ṣì wà ní 51. Ó fi èékánná kan ojú dígí rẹ̀ fẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó dé 50 àti àbọ̀, ó dúró. Ó ní, "Ohun tó wà láàárín lílọ àti àbọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe gbé e wá. Ìwọ sì ti kọ ọ́ pé kò sí." Ó ya bébà náà, ó fún mi ní òmíràn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń méfò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìṣòro ọ̀nà yìí ni owó. Ọdún àkọ́kọ́ kì í tó jẹ, pàápàá fún ẹni tó ń háyà yàrá l'Ékòó. Láàbù mìíràn á fi yín sí ìdí ìgbálẹ̀ àti gbígbé ẹrù fún oṣù mẹ́fà, láì jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá rí i pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, tí orúkọ yín ò tíì sí lórí bébà kankan, àfi kí ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

*Ọjọ́ orí.* Bárékè ní gbèdéke, láàbù aládàáni kò ní. Ẹni tó ti lé ní 26 ti bọ́ nínú àríyànjiyàn yìí.

*Oúnjẹ ọdún àkọ́kọ́.* Bárékè ló dára jù, kò sí iyè méjì. Aṣọ, ibùsùn, oúnjẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó oṣù tó dájú wà níbẹ̀.

*Ohun tí ọwọ́ máa kàn.* Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì jù nìyí, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn kì í bèèrè. Láàbù aládàáni tó ń ṣiṣẹ́ gidi á jẹ́ kí ẹ rí géèjì, òṣùwọ̀n kìlógíráàmù, tẹmómítà àti mítà iná láàárín ọdún kan, nítorí oníbàárà oríṣiríṣi ló ń wá. Ológun á fi yín sí ìdí nǹkan díẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n jinlẹ̀: rédíò, rédà, irinṣẹ́ bàálù. Bí ó bá jẹ́ pé láàbù ológun gan-an ni ẹ fẹ́ dé nígbẹ̀yìn, ìmọ̀ jíjinlẹ̀ yẹn kò ṣe é rà lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ ni ẹ ń wá, àwọn onírúurú yẹn ló máa bọ́ yín. Èmi fúnra mi, bí mo bá tún jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ìmọ̀ jíjinlẹ̀ ni mo máa yàn.

*Orúkọ lórí ìwé.* Iṣẹ́ òṣùwọ̀n dà bí ìran ènìyàn. Géèjì mẹkáníìkì ní bàbá, ìyẹn òṣùwọ̀n láàbù. Òṣùwọ̀n láàbù ní bàbá àgbà, a sì máa tọ́ka sókè títí dé òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè. Tiwa wà lọ́dọ̀ SON, àjọ òdiwọ̀n Nàìjíríà, ní ilé òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Enugu. Ẹni tó fọwọ́ sí bébà ti di ara ìran yẹn. Láàbù aládàáni tó ní ìwé àṣẹ, irú èyí tí àjọ NiNAS ń fún wọn ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ sì lè tọ́ka sí i lọ́jọ́ iwájú. Àkọsílẹ̀ ológun kì í jáde bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo ìwé kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fún yín bí ẹyin.

*Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kúrò.* Láàbù aládàáni, oṣù kan ìkìlọ̀ ti tó. Bárékè, ẹ ti búra.

Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, àwọn tó ń yẹ òṣùwọ̀n ọlọ́jà àti ẹ̀rọ epo wò, iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Kò sí nínú ohun tí à ń fi wéra.

Òkè òkun ńkọ́?

Ẹni tó bá ti ní gíríìn káàdì lè wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá béèrè ìwé àṣẹ àṣírí, ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nìkan ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín nítorí lọ́tìrì físà: Nàìjíríà ti jáde nínú orílẹ̀-èdè tó lè ta á láti DV-2015. Ohun tó ṣe é lò láti ọ̀nà jíjìn ni ìwé ẹ̀rí CCT ti ASQ, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, èyí tó wà fún onímọ̀ kalibréṣọ̀n. Ìrírí iṣẹ́ ọdún márùn-ún ni wọ́n ń béèrè kí ẹ tó jókòó ṣe é, wọ́n sì ń yọ ọdún méjì kúrò fún ẹni tó kàwé jáde ní iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iléèwé ológun. Ọ̀nà méjèèjì tí mo ti sọ ló lè gbé yín dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó yan ọ̀kan

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tó nípọn. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan irinṣẹ́ tó ń ka nǹkan, ẹ kọ déètì, ooru yàrá, orúkọ irinṣẹ́ àti nọ́ńbà ara rẹ̀, ohun tí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó kà nígbà lílọ àti nígbà àbọ̀. Ní bẹ́ńṣì tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, ẹ lè fi mítà mẹ́ta wọn bátìrì kan ṣoṣo, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra. Ní Ìdófìàn, NCAM, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ oko, ń dán ẹ̀rọ oko wò. Ní Òkè-Oyi, UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, kún fún irinṣẹ́ tó ń wọn ènìyàn. Ẹ lọ béèrè bóyá ẹ lè wà lẹ́yìn àwọn tó ń tọ́jú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Wọ́n lè kọ̀. Ẹ tún padà lọ.

Ẹ kọ ooru sílẹ̀ láìfo ọjọ́ kan. Irin jẹ́ ohun tó ń gùn nínú ooru, ní nǹkan bíi 0.0115 milimítà fún mítà kan, fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n 20 ni gbogbo ayé fi ṣe ìpìlẹ̀ wíwọn gígùn. Irin tó jẹ́ 100 milimítà ní 20, tí ẹ bá gbé e síta ní Ìlọrin lóṣù kẹta, tó dé 35, ti fi nǹkan bíi 0.017 milimítà gùn sí i. Màíkírómítà lásán ń ka 0.01. Ooru nìkan ti jẹ ju ìlà kan lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Ọmọ tó bá lè ṣe ìṣirò yẹn níwájú ọ̀gá láàbù, tó sì lè sọ ìdí tí ẹ̀rọ amúlétutù fi wà ní yàrá náà, ọ̀gá yẹn ò ní bèèrè dìgírì rẹ̀ mọ́.

Fún kíkà, BIPM, ọ́fíìsì òṣùwọ̀n àgbáyé tó wà nílẹ̀ Faransé, gbé ìwé SI, tó ṣàlàyé àwọn òṣùwọ̀n bíi mítà àti kìlógíráàmù, àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, VIM, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Ẹ máa ka ojú ewé kan lálẹ́ kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ méjì wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 19 láti apá Sobi, ojú fèrèsé wọn ló ti ń wo àwọn sọ́jà láti kékeré, ó ní NECO, ara rẹ̀ le, kò sì bẹ̀rù. Mo ní kó parí tréèdì tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kó sì dúró de ìkéde. Èkejì ti pé 29, ó ní ìyàwó àti ọmọ kan ní Ọ̀fà, rédíò ló ń tún ṣe. Mo ní kó má fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí fọ́ọ̀mù ológun. Mo bi í pé mítà wo ló ń lò. Ó yọ ọ̀kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ti fi téèpù dúdú wé e. Ó lẹ bébà kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó ń fi 0.2 kà ju bó ṣe yẹ lọ lórí 12." Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, òun kàn fi mítà ọ̀gá òun yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo fún un ní nọ́ńbà fóònù láàbù kan l'Ékòó, mo sì ní tó bá dé ibẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn mítà yẹn sókè kí wọ́n rí i.